Gàrí Alhaji Sàlàkọ́ Lórí Odò Danube

Bí ẹ bá dé mọ́ṣáláṣí tí àwọn Yorùbá ti ń kírun ní Atlanta, tí ẹ dárúkọ olóògbé Alhaji Yakub Sàlàkọ́, ìtàn gàrí ni wọ́n máa kọ́kọ́ sọ fún yín. Wọn ò ní sọ pé ó wa tírélà fún ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n láìkọlu ẹnikẹ́ni. Wọn ò ní sọ pé òun ló ń ra omi ìṣínu fún gbogbo ìjọ lóṣù ààwẹ̀. Gàrí ṣá ni. Modinat ìyàwó rẹ̀ pàápàá ò lè sá fún ìtàn náà, bẹ́ẹ̀ òun ni inú bí jù lọ́jọ́ tó ṣẹlẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, lẹ́yìn tí Alhaji fẹ̀yìn tì, ó mú Modinat lọ sórí ọkọ̀ ojú omi kékeré kan tó ń rìn lórí odò Danube, láti Passau ní ilẹ̀ Jámánì títí dé Budapest ní Hungary. Èrò inú ọkọ̀ náà ò tó igba, òyìnbó àgbàlagbà ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ọjọ́ mẹ́jọ ni ìrìn àjò náà. Alhaji ti búra pé òun ò ní fẹnu kan ẹran tí òun ò mọ ẹni tó dú u. Nítorí náà, ó rọ gàrí Ìjẹ̀bú sínú ike ńlá méjì, ó kó ẹja gbígbẹ, ẹ̀pà yíyan àti ṣúgà tì í, ó ní ó parí, oúnjẹ ọjọ́ mẹ́jọ ti délẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, oòrùn mú ganrínganrín. Alhaji mú Modinat lọ jókòó sí òkè ọkọ̀ níbi tí wọ́n to àga sí, ó ní kí obìnrin tó ń gbé ohun mímu kiri bá òun wá omi dídì. Ó da gàrí sí abọ́, ó bomi sí i, ó fọ́n ẹ̀pà lé e lórí. Kò tíì bu ṣíbí kejì tí obìnrin òyìnbó kan fi ń kọjá lọ. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé bí èèyàn bá kọjá níwájú Yorùbá tó ń jẹun, ẹnu Yorùbá yẹn ò lè dákẹ́.

"Ẹ wá jẹun," ni Alhaji fi èdè òyìnbó sọ fún un.

Bó bá jẹ́ ọmọ ilé wa ló ń kọjá, á ti dáhùn pé, "Á gba ibi ire o," á sì bá tirẹ̀ lọ. Bá a ṣe bá a nìyẹn. Ọ̀wọ̀ ni ìpè yẹn, kì í ṣe oúnjẹ. Ṣùgbọ́n ta ló sọ fún òyìnbó? Obìnrin náà dúró, ó ní, "Èmi? Ẹ mà ṣeun o!" Ó fa àga, ó jókòó, ó mú ṣíbí Modinat.

Joanna lorúkọ rẹ̀. Ìlú Macon, tí kò jìnnà sí Atlanta wa níbí, ló ti wá. Eli ọkọ rẹ̀ ti kú lọ́dún méjì ṣáájú, òun nìkan ló sì dá wá. Láti ìgbà tí wọ́n ti wọkọ̀, òun nìkan ló ń jókòó nídìí tábìlì kan létí fèrèsé, tó ń fi fọ́ọ̀kì ti oúnjẹ kiri inú àwo.

Joanna mu gàrí, ó fún ojú pọ̀, ó ní ó kan. Ó tún bù ú. Ó ní ó dùn. Ni inú Alhaji bá dùn kọjá ààlà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe gbogbo ẹni tó bá kọjá, bóyá ọ̀wọ̀ ni o, bóyá fáàrí ni o, Ọlọ́run ló mọ̀. Nígbà tó fi di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta, ike àkọ́kọ́ ti gbófo, ìkejì ti ń lọ sí ìdí. Bàbá kan láti Ohio tiẹ̀ mú ṣíbí tirẹ̀ wá láti yàrá ìjẹun.

"Ìyá Haneef," ni Alhaji yọ́ ọ̀rọ̀ sọ fún Modinat, "àwọn èèyàn yìí mà ń jẹ ẹ́ lóòótọ́ o."

"Ṣebí ẹ̀yin lẹ pè wọ́n."

"Mo pè wọ́n, mi ò ní kí wọ́n wá!"

Ẹlòmíràn á ti gbé abọ́ rẹ̀ wọ yàrá, á ti ilẹ̀kùn. Alhaji ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Wọn ò kọ́ ọ nílé pé kéèyàn máa jẹun ní kọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kẹrin, ó kó gbogbo wọn jọ sókè ọkọ̀, ó kọ ọ̀rọ̀ sórí tíṣù ìnuwọ́, ó gbé e sókè bíi tíṣà.

"Bí mo bá ní kí ẹ wá jẹun," ó ní, "ohun tí ẹ máa sọ nìyí: Á gba ibi ire o. Lẹ́yìn náà, ẹ máa lọ."

"Ká lọ síbo?" ni bàbá Ohio béèrè.

"Síbi tí ẹ ń lọ tẹ́lẹ̀!"

Wọ́n sọ ọ́ títí, wọ́n ń fi ohùn ṣe ohun tó wù wọ́n. Joanna ló na ọwọ́. Ó fẹ́ mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Alhaji ní àdúrà ni, pé kí oúnjẹ náà gba ọ̀nà rere lọ nínú ẹni tó ń jẹ ẹ́.

"Bí ebi bá wá ń pa ẹni tí wọ́n pè ńkọ́?" ni Joanna tún bi í.

"Á ṣì sọ ọ́. Bí ẹni tó pè é bá fẹ́ kó jókòó lóòótọ́, á tún un pè lẹ́ẹ̀kejì."

Nígbà tí ọkàn Alhaji balẹ̀ pé wọ́n ti gbọ́, ó jókòó ti gàrí tó kù. Joanna kọjá. Alhaji pè é. Joanna ní, "A gba ibi ire o," ó sì ń lọ síbi tábìlì etí fèrèsé rẹ̀. Alhaji wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó wo abọ́, ó mí kanlẹ̀.

"Joanna! Ẹ wá jẹun. Ẹ̀ẹ̀kejì nìyẹn."

Bí gàrí Alhaji Sàlàkọ́ ṣe tán lórí odò Danube nìyẹn, nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́rin gbáko kí wọ́n dé èbúté. Ẹ̀fọ́ tútù àti ọ̀dùnkún ló jẹ dé Budapest, ó ń ráhùn bí ẹni tí wọ́n jà lólè.

Inú bí Modinat lọ́jọ́ náà. Bí wọ́n ṣe wọ yàrá ló kọjú sí ọkọ rẹ̀. "Gàrí tó kù fún àwa méjèèjì náà lẹ tún gbé fún un?"

"Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn, fúnra rẹ̀ ni yóò ru igbá rẹ̀ délé."

"Èyí tí ẹ ṣe yìí, kò sí igbá gan-an mọ́ tí ẹ máa rù!"

Alhaji ò rẹ́rìn-ín. Ó pe orúkọ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ kì í pe orúkọ rẹ̀ bí ọ̀rọ̀ ò bá lágbára. "Modinat, ṣé o ò wo ibi tí obìnrin yẹn ń jókòó sí ni? Ẹni tó ń dá jẹun bẹ́ẹ̀ yẹn, kì í ṣe ebi ló ń pa á."

Modinat bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ. Ó rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni.

Alhaji kú ní oṣù kejì ọdún yìí. Ó kírun àṣárì tán nínú ilé wọn ní Tucker, ó ní òun fẹ́ fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀, kò sì dìde mọ́. Wọ́n sin ín lọ́jọ́ kejì. Lọ́jọ́ fídáù rẹ̀, ilé kún débi pé àwọn èèyàn dúró sí garéèjì. Lẹ́yìn àdúrà, ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ ìtàn gàrí ní pálọ̀, ẹ̀rín bú sáfẹ́fẹ́. Modinat wà ní yàrá láàárín àwọn obìnrin, ó ń gbọ́ ọ. Òun náà fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà dé ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, ó dúró síbẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, Modinat ò jókòó jẹun mọ́. Bó bá bu nǹkan sí abọ́, ìdí sínkì ló ń dúró sí, á jẹ ṣíbí mẹ́ta tàbí mẹ́rin, á fọ abọ́. Àga méjì ló wà nídìí tábìlì wọn, kò sì lè wo èyí tó ṣófo. Ó ṣe opó rẹ̀ pé, oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá. Àwọn èèyàn rò pé bí opó bá ti tán, ọ̀fọ̀ náà á fúyẹ́. Ara rẹ̀ ló ń fúyẹ́. Hajarah ọmọ rẹ̀, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, tó ń gbé ní Smyrna, di ọwọ́ rẹ̀ mú lọ́jọ́ kan, ó sì bú sẹ́kún.

"Mummy, ẹ ti rù. Mo ń rí irú èyí ní work. Báyìí ló ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀."

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi tún wá dá kún un. Alhaji ti sanwó ìrìn àjò mìíràn sílẹ̀ kó tó kú, fún oṣù kẹsàn-án, orí odò yẹn kan náà, láti Budapest padà sí Passau. Ó ní òun fẹ́ mọ bí odò náà ṣe rí téèyàn bá kọjú sí ibi tó ti ń ṣàn bọ̀. Orúkọ rẹ̀ àti ti Modinat ló wà níbẹ̀. Àwọn tó ni ọkọ̀ sọ pé àwọn lè fi orúkọ ẹlòmíràn rọ́pò ti olóògbé, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ kọjá ọjọ́ Jímọ̀.

Haneef, àkọ́bí wọn tó ń gbé ní Morrow, ní kí wọ́n cancel ẹ̀. "Mummy, ta lẹ fẹ́ bá lọ? Ẹ ò lè dá nìkan wà láàárín omi."

Hajarah ní rárá. "Wọn ò fún mi ní off, mi ò bá tẹ̀ lé yín. But ẹ lọ, Mummy. Ẹ jọ̀ọ́."

"Kí n lọ jókòó sí tábìlì wo?" ni Modinat bi wọ́n.

Gbogbo wọn ló mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kọjá ti ọkọ̀. Bóyá ìyá wọn ṣì máa bá ọmọ aráyé jókòó jẹun kó tó kú lọ́jọ́ tirẹ̀, òun ló wà nílẹ̀ yẹn.

Kó tó di ọjọ́ Jímọ̀ náà, ìrántí ò jẹ́ kí Modinat gbádùn. Odò yẹn ṣá ló ń rí. Ṣé ẹ mọ̀ pé ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni Alhaji, ọmọ apẹja sì ni? Kí wọ́n tó kúrò ní Atlanta ló ti ń fọ́nnu pé omi ò tóbi lójú òun, pé odò tí àwọn òyìnbó ń pariwo yẹn, bàbá òun lè fi ọwọ́ kan tu ọkọ̀ kọjá lórí rẹ̀. Wọ́n wá dé ibi tí wọ́n ti dí odò. Ọkọ̀ á wọ àárín ògiri méjì, wọ́n á ti ilẹ̀kùn irin lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n á máa jẹ́ kí omi fà díẹ̀díẹ̀, ọkọ̀ á sì máa bá omi lọ sílẹ̀ títí á fi bá odò iwájú dọ́gba. Wọ́n ti ṣàlàyé rẹ̀ láàárọ̀. Alhaji ò gbọ́, ìtàn Ẹ̀pẹ́ ló ń sọ lọ́wọ́.

Ó ń ṣe àlùwàlá lọ́wọ́ nígbà tó gbójú sókè, tó rí ògiri tó ń ga sí i lójú fèrèsé. "Háà! Ọkọ̀ ti ń rì! Modinat, dìde!" Ó fa ẹ̀wù pupa tí kì í jẹ́ kéèyàn rì yọ lábẹ́ ibùsùn, ó so ó mọ́ ìyàwó rẹ̀ lára, ó so okùn náà lẹ́ẹ̀mejì, ó fà á lọ́wọ́ gun àtẹ̀gùn, ó ń ké kalimọ́ kíkankíkan.

Nígbà tí wọ́n yọ sókè, àwọn èèyàn ń mu tíì. Ẹlòmíràn ń ya fọ́tò ògiri. Wọ́n kọjú kámẹ́rà sí Modinat nínú ẹ̀wù pupa. Ọ̀gá ọkọ̀ béèrè bóyá kò sí nǹkan.

Alhaji fi ọwọ́ sẹ́yìn, ó wò wọ́n lọ, ó wò wọ́n bọ̀. "Ó dáa bẹ́ẹ̀," ó ní. "Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ ti múra sílẹ̀ ni."

Odidi ọjọ́ méjì ni Modinat fi yan ọkọ rẹ̀ lódì. Ìsinsìnyí tó ń rántí rẹ̀ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé e. Ẹ̀wù méjì ló wà lábẹ́ ibùsùn. Ọ̀kan péré ni Alhaji fà yọ, ara Modinat ló so ó mọ́, kò tiẹ̀ rántí pé òun náà lẹ́mìí. Bẹ́ẹ̀ ọmọ Ẹ̀pẹ́ yẹn ò mọ̀ ọ́n wẹ̀. Modinat nìkan ló mọ̀ láyé.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó mú fìlà ọkọ rẹ̀ kúrò lára ìṣó kó lè gbọn eruku rẹ̀. Budapest ni Alhaji ti rà á. Ó dé ilé ìtajà kan, ó dá iye tó wù ú lé fìlà náà, obìnrin tó ń tà á ní iye tí wọ́n kọ sára rẹ̀ ni. Alhaji ṣe bí ẹni tó ń lọ, kí wọ́n lè pè é padà. Wọn ò pè é. Ó padà fúnra rẹ̀, ó tún ṣe bí ẹni tó ń lọ. Ó lọ lẹ́ẹ̀mẹta, kò sẹ́ni tó yẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà tí ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dun Modinat, ó yọ́ wọlé, ó san owó náà pé, ó sì sọ fún ọkọ rẹ̀ pé obìnrin náà ti gbà. Ọjọ́ wo ni Alhaji ò fi fìlà yẹn yangàn ní mọ́ṣáláṣí? "Mo ná an títí tó fi fẹ́ sunkún!"

Modinat yí fìlà náà padà. Ìwé pélébé tí obìnrin ọlọ́jà kọ iye tí Modinat san sí ṣì wà nínú rẹ̀, Alhaji fi abẹ́rẹ́ gán an mọ́ ìsàlẹ̀ fìlà kó má baà já. Ó ti mọ̀ látilẹ̀. Ó mọ̀ pé ìyàwó òun ló san án, ó sì jẹ́ kó rí bó ṣe fẹ́ kó rí.

"Alhaji," ni Modinat sọ sínú ilé tó dákẹ́. "Ẹ mà ṣe mí o."

Nígbà tó di ọ̀sán, ó po gàrí díẹ̀ nítorí kò lágbára láti dáná. Ó dúró ti sínkì bó ṣe máa ń ṣe. Kò tíì bù ú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ tí wọ́n fi kan ilẹ̀kùn. Ó gbé abọ́ dání lọ ṣílẹ̀kùn. Joanna ló rí.

Láti ìgbà tí wọ́n ti sọ̀kalẹ̀ lórí ọkọ̀ ni Joanna ti máa ń kí Alhaji lórí fóònù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Nígbà tí kò gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́, ó ń pè, ó ń pè, títí Haneef fi gbé e lọ́jọ́ kan, tó sì sọ fún un. Ó wakọ̀ wá láti Macon. Ó yà ní Morrow lójú ọ̀nà, ó wọ ìsọ̀ àwọn ará wa, ó sì gbé àpò gàrí Ìjẹ̀bú dání.

"Èyí tí mo jẹ lọ́jọ́sí ni," ó ní. "Mo dá a padà."

Ohun tí Modinat fẹ́ sọ ni pé ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n abọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, èèyàn sì dúró níwájú rẹ̀, ẹnu rẹ̀ ò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ wá jẹun," ó ní.

Joanna na ara rẹ̀ tọ́ bí ọmọ iléèwé tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀. "A gba ibi ire o," ló sọ, lédè Yorùbá. Ohùn rẹ̀ rọ́ síbì kan, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà pé. Ó gbé àpò gàrí sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó yí padà, ó kọrí síbi ọkọ̀ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Alhaji ṣe kọ́ wọn.

Ẹ̀rín tó ti dúró sí ọ̀fun Modinat láti ọjọ́ fídáù bú jáde. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ara ilẹ̀kùn mú, ẹ̀rín di ẹkún, kò sì mọ ìgbà tí ọ̀kan tán tí èkejì bẹ̀rẹ̀. Omi gàrí dà sí i láṣọ. Joanna ti dé ìdí ọkọ̀, ó dúró síbẹ̀, kò wẹ̀yìn, ó ń retí.

"Joanna!" ni Modinat ké. "Ẹ wá jẹun. Ẹ̀ẹ̀kejì nìyẹn."

Wọ́n jókòó. Modinat fúnra rẹ̀ ló fa àga Alhaji fún un. Ó da gàrí sí i, ó wá ṣíbí kejì. Wọ́n mu ún díẹ̀.

"Ọdún méjì ni mo fi dúró jẹun nídìí sínkì lẹ́yìn tí Eli kú," ni Joanna wá wí.

"Ta ló sọ fún yín pé mò ń dúró jẹun?"

"Ẹ gbé abọ́ dání nígbà tí ẹ ṣílẹ̀kùn."

Modinat wò ó. Obìnrin tí òun bínú sí nítorí ṣíbí gàrí nìyí o, tí Alhaji ti rí látìgbà yẹn, tí òun ò rí. Ó ti ẹja gbígbẹ sí i níwájú.

Fóònù dún. Hajarah ni, ó ń sinmi díẹ̀ níbi iṣẹ́. "Mummy, tomorrow ni Friday o. Kí ni kí n sọ fún àwọn èèyàn ọkọ̀?"

"Orúkọ daddy yín tó wà níbẹ̀, ní kí wọ́n yọ ọ́." Ó gbójú sókè wo Joanna, ó fi èdè òyìnbó bi í bóyá á bá òun padà sórí odò Danube lóṣù kẹsàn-án, Joanna sì gbé ṣíbí sílẹ̀, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. "Ní kí wọ́n kọ Joanna sí i."

"Joanna wo? Joanna gàrí?"

"Òun náà."

Ohùn Hajarah ti kéré nígbà tó tún sọ̀rọ̀. "Mummy, ṣé ẹ ń jẹun ni?"

"Gàrí ni."

"Ṣé ẹ jókòó?"

"Mo jókòó. Hajarah, wá jẹun."

Atlanta níbí ni wọ́n bí Hajarah sí, ohùn Yorùbá rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ tọ́. Ó fi omijé sọ ọ́ láti Smyrna lọ́hùn-ún. "A gba ibi ire o, Mummy."

"Àmín," ni Modinat wí. Ó bomi sí gàrí náà, ó sì sún abọ́ sí àárín.